Ẹ Kọ Oògùn Tuntun Wọ̀nyí Sínú Òfin: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣòfin Wa ní Àbújá

Sí ẹ̀yin tí ẹ ń ṣojú Alímọ̀ṣọ́ àti Ìwọ̀-Oòrùn Èkó nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ní Àbújá. Kí Alága àjọ NDLEA tó ń gbógun ti oògùn olóró, Ọ̀gá Àgbà àjọ NAFDAC tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa náà bá wa gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin aṣòfin wa tí a bọ̀wọ̀ fún,

Ìyá ọmọ ni mí, oníṣòwò ni mí, Ìkòtún ni mo ń gbé. N kì í ṣe agbẹjọ́rò, n kì í sì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò ti kọjá ohun tí ìyá lè máa wò kó sì panu mọ́. Gbangba ni mo ti ń bá yín sọ ọ́, kí ẹ̀yin náà lè dá wa lóhùn ní gbangba.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ̀wé sí ilé aṣòfin Èkó ní Alausa. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ oògùn àti májèlé sábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ilé aṣòfin Èkó kò lè ṣòfin lé e lórí. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ní ọmọ kan ń mu oògùn olóró, igbó ni a máa ń rò. Lẹ́yìn náà ni oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine gbòde, tramadol tẹ̀lé e. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oní-codeine náà àti kíkó o wọlé. Ó dára bẹ́ẹ̀, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò kò kógbá sílé. Ohun tó wà nígboro báyìí ni oògùn tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, èyí tó ń lé oorun lọ, tó ń mú ọkàn sáré, tó ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun lè ṣe ohun gbogbo. Wọ́n ń pe òmíràn ní ice, wọ́n ń pe òmíràn ní molly, òmíràn kò sì ní orúkọ kankan ju èyí tí ẹni tó ń tà á bá fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń rà á kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń rà á kì í ṣe ọ̀lẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ bẹ́ẹ̀ fún yín. Awakọ̀ dánfó tó ti wà lójú pópó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí owó ọkọ̀ tí yóò jíṣẹ́ fún ọlọ́kọ̀ kò tíì pé nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ń rà á. Alábàárù inú ọjà ń rà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kàwé mọ́jú nítorí ìdánwò ń rà á. Èyí tó kàn fẹ́ jó mọ́jú níbi àríyá náà ń rà á. Wọ́n rò pé agbára ni wọ́n ń rà.

Oògùn yìí kì í fún ènìyàn lágbára rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọpọlọ tú èròjà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dopamine jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ á ru, ara á gbóná, oúnjẹ kò ní wu onítọ̀hún jẹ, oorun kò sì ní kùn ún fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, á máa fura sí ìyá rẹ̀, á ní wọ́n fẹ́ pa òun. Ládùúgbò wa, ibi tó bá ti dé báyìí ni a ti máa ń sọ pé ayé ló ṣe é. A óò gbé e dé ilé àdúrà, a óò gbé e dé ọ̀dọ̀ aláàfáà, a óò dè é mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá sì fi hẹróìnì pa ara rẹ̀ lára, abẹ́rẹ́ naloxone wà tó lè tètè dá ẹ̀mí rẹ̀ padà. Kò sí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oògùn tó ń lé oorun lọ. Àbójútó, ìsinmi àti ìgbani-níyànjú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà wa, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2011, nígbà tí NDLEA kọ́kọ́ rí ibi tí wọ́n ti ń se methamphetamine, èyí tí ìgboro ń pè ní ice, ní ilẹ̀ Nàìjíríà, agbègbè Ìbá ni, ibi tí ènìyàn lè wọkọ̀ dé láti Ìgándò láìpẹ́ rárá. Ní ọdún 2016, wọ́n rí òmíràn tó tóbi ju ìyẹn lọ ní Asaba, wọ́n sì mú àwọn ará Mexico tó wá ń bá wọn se é. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n gba oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní Captagon ní èbúté Àpápá, iye rẹ̀ ju 450,000 lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilẹ̀ Ìgbò, tí àwọn ará abúlé ń de àwọn ọ̀dọ́ mọ́ òpó, tí wọ́n ń nà wọ́n lẹ́gba nítorí mkpuru mmiri, tí í ṣe ice yìí kan náà. Ní ọdún 2022, wọ́n tún rí ibi tí wọ́n ti ń se é láàárín àwọn olówó ní VGC, ní Lekki. Mo kan sáárá sí àwọn òṣìṣẹ́ NDLEA lórí gbogbo èyí. Iṣẹ́ tó lágbára ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù. Ice ní orúkọ, Captagon ní orúkọ. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn kò ní. Onímọ̀ kẹ́místírì lè mú oògùn kan tí òfin mọ̀, kó yí nǹkan kékeré padà lára rẹ̀, kó sì di ohun mìíràn lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìjàǹbá tó ń ṣe nínú ọpọlọ á wà bó ṣe wà. Àjọ UNODC ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti ka irú oògùn tuntun bẹ́ẹ̀ tó ju 1,200 lọ kárí ayé. Báwo ni òfin wa ṣe fẹ́ bá wọn jà?

Mo lọ wo òfin NDLEA, èyí tí ìjọba ológun gbé jáde gẹ́gẹ́ bí Òfin 48 ti ọdún 1989. Níbi tó ti ń ka ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù, oògùn mẹ́ta ló dárúkọ: kokéènì, LSD àti hẹróìnì. Lẹ́yìn náà ló ní “tàbí oògùn mìíràn tó bá jọ wọ́n.” Ẹni tó bá ṣe é tàbí tó kó o wọlé yóò ṣẹ̀wọ̀n gbére. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, tàbí tó lò ó, yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 15, tí kò sì ju ọdún 25 lọ. Ìwé Òfin ilẹ̀ wa, ní abala 36, ẹsẹ kejìlá, sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin kò kọ sílẹ̀ kó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún adájọ́ pé lulú funfun tí wọ́n ṣe lánàá jọ kokéènì? Lórí kí ni yóò gbé e kà? Lórí àwọ̀ rẹ̀ ni, lórí kẹ́míkà inú rẹ̀ ni, àbí lórí ohun tó ń ṣe fún ẹni tó mu ún?

Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń gbà á kọjá. Ẹni tó kó o wọlé sínú kọ̀ńténà ní owó tí yóò fi gba ọ̀jọ̀gbọ́n agbẹjọ́rò, ìyẹn á sì sọ fún ilé ẹjọ́ pé ọjà oníbàárà òun kò sí nínú òfin. Ọmọ Ìdímù tí wọ́n bá ìdì kan ṣoṣo lápò rẹ̀ kò ní agbẹjọ́rò. Ọdún 15 lòfin gbé kalẹ̀ níwájú òun, bí ẹnikẹ́ni bá sáà ti pinnu pé ó jọ ọ́. Òfin tí kò sọ ojú abẹ níkòó, olówó ló ń tú sílẹ̀, tálákà ló ń gbé mì. Ẹ̀sùn tí mo ní sí òfin yìí nìyẹn, mo sì ń fẹ́ kí ẹ dá mi lóhùn lórí rẹ̀.

Ẹ má sọ pé ẹ kò mọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin kan láti ṣàtúnṣe sí òfin NDLEA. Ó fẹ́ tún àtòkọ àwọn oògùn eléwu ṣe, ó sì fẹ́ kí ilé àyẹ̀wò wà. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ìròyìn gbé, tí gbogbo ìlú fi jiyàn, ni pé ẹ fi ìdájọ́ ikú sí i fún àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀. Ìjà lórí ikú ló gba ariwo, ọ̀rọ̀ àtòkọ rì sábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kọ̀ láti buwọ́lu àbádòfin àtúnṣe tó dé iwájú rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ fún àjọ NDLEA láǹfààní láti máa mú nínú owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn. Ọ̀rọ̀ owó ló dá a padà sọ́dọ̀ yín. Àwọn ọmọ wa kò sí nínú ìjà owó yẹn, àmọ́ àwọn ló ń san gbèsè rẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti rìn lójú ọ̀nà yìí kó tó kàn wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n ń ta oògùn kan tó ń lé oorun lọ, tí wọ́n ń pè ní mephedrone, ní gbangba, wọ́n á kọ ọ́ sára ọ̀rá pé oúnjẹ ewéko ni, pé kì í ṣe fún ènìyàn láti jẹ. Nígbà tí ìjọba fòfin dè é, àwọn tó ń ṣe é yí i padà díẹ̀, wọ́n sì ń bá ọjà wọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń fòfin de ọ̀kan ni òmíràn ń jáde, títí wọ́n fi ṣe òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, tó ń wo ohun tí oògùn ń ṣe nínú ọpọlọ dípò orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń tà á ni òfin náà dojú kọ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 7. Ẹni tó ní díẹ̀ lọ́wọ́ fún ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn lábẹ́ òfin yẹn, àfi bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀wọ̀n ló wà. Òfin náà kò pa gbogbo rẹ̀ run, nítorí àwọn kan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bọ́ sí ìgboro. Ṣùgbọ́n kò sí olùtajà tó tún lè dúró níwájú adájọ́ kó ní ọjà òun kò lórúkọ nínú ìwé.

Ẹ wo Sierra Leone nítòsí wa níbí. Wọ́n fi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní kush ṣeré títí ó fi ń pa àwọn ọ̀dọ́, tí Ààrẹ Julius Maada Bio fi ní láti kéde pàjáwìrì jákèjádò orílẹ̀-èdè náà ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Lẹ́yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò tó jáde ní 2025 fi hàn pé nitazene, tí agbára rẹ̀ ju ti hẹróìnì lọ, wà nínú púpọ̀ lára rẹ̀. Kush kì í lé oorun lọ, ó máa ń mú ènìyàn tòògbé lórí ìdúró ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wọlé: kẹ́míkà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, orúkọ ìgboro, àti ìjọba tó dúró títí òkú fi pọ̀. Igi gánganràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin wa, ẹ̀bẹ̀ wa rèé:

1. Nígbà tí ẹ bá ń tún òfin NDLEA ṣe, ẹ kọ àwọn oògùn wọ̀nyí síbẹ̀ ní ẹbí-ẹbí, kì í ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ amphetamine àti gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe láti ara rẹ̀. Ẹ kọ cathinone àti gbogbo ẹbí rẹ̀, mephedrone wà nínú wọn. Ẹ kọ nitazene, ẹ kọ igbó oníkẹ́míkà tí ìgboro ń pè ní Colorado. Kẹ́míkà tí wọ́n bá yí padà lọ́la yóò bá òfin nílẹ̀.

2. Ẹ fún NAFDAC àti NDLEA lágbára láti fi oògùn tuntun sínú àtòkọ onígbà díẹ̀ kíákíá, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Kí ó má ju ọdún kan lọ, àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011. Báyìí, ìjọba kò ní pẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ní rí àṣẹ tí kò lópin gbà.

3. Ẹ ya ẹni tó ń tà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń mu ún. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ ná, ká tó padà wá bá adìyẹ wí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n wúwo lórí ẹni tó ń se é, tó ń kó o wọlé, tó ń tà á fún ọmọ ilé ìwé. Ẹni tí wọ́n bá ìwọ̀n kékeré lọ́wọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀, ilé ìtọ́jú ni kẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ sí. Ọdún 15 lẹ́wọ̀n kò wo àrùn sàn rí.

4. Kí a má ṣe fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n lórí ohun tí a kò yẹ̀ wò. NAFDAC ní ilé àyẹ̀wò ní Oshodi, kò jìnnà sí wa. Ẹ fi owó sí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ kí irinṣẹ́ tó lè dá kẹ́míkà tuntun mọ̀ wà ní àwọn ilé àyẹ̀wò ìjọba, kí èsì sì máa jáde kíákíá. Èyí náà ni yóò dá àwọn agbófinró kan lẹ́kun, àwọn tó ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró ní Ìyànà-Ìpájà nítorí irun orí rẹ̀, tí wọ́n á ní oògùn olóró ló wà lápò rẹ̀, títí yóò fi fi owó ránṣẹ́ látorí fóònù.

5. Ẹ bá wa wá ibi ìtọ́jú sí tòsí. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó ní a ju mílíọ̀nù méjì lọ nígbà náà. A ti pọ̀ sí i láti ìgbà yẹn. Ẹ bá ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀, kí ẹ̀ka tó ní ibùsùn, dókítà ọpọlọ àti agbaninímọ̀ràn tó pọ̀ tó wà ní ilé ìwòsàn gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò fún àwọn tí oògùn ti sọ di aláìsàn. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ìkòtún sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yaba kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn ń gbé ọmọ tí orí rẹ̀ ti dàrú gbà.

6. Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ máa dé etí wa ní èdè wa. Bí àyẹ̀wò bá ti rí oògùn tuntun, kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá lórí Bond FM àti Radio Lagos, kí wọ́n sọ ọ́ ní ibùdókọ̀, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé ìwé. Kí wọ́n sọ bó ṣe rí àti àpẹẹrẹ tí òbí lè fi mọ̀ pé ọmọ òun ti kó sí i. Àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, Agbádo-Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìgándò-Ìkòtún àti Mọ́sàn-Òkúnọlá lè bẹ̀rẹ̀ èyí lọ́sẹ̀ yìí láìdúró de òfin kankan.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tó kù yìí, òótọ́ ni. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní Èkó tí olùdìbò pọ̀ sí bíi ti Alímọ̀ṣọ́. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, ẹ máa ń mọ ọ̀nà Ìkòtún dáadáa. A óò rí i yín, ẹ óò rí wa. Nígbà tí ẹ bá dé, a kò ní béèrè ìrẹsì, a kò ní béèrè aṣọ. Ohun tí a óò béèrè ni pé: àbádòfin oògùn olóró tí wọ́n dá padà fún yín, kí lẹ fi ṣe? Ta ló dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀? A óò kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó dákẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ará Alímọ̀ṣọ́, ìyá àti bàbá ọmọ bíi tèmi, ẹ má ṣe de ọmọ yín mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi í pa mọ́ nítorí ìtìjú. NDLEA ní nọ́ńbà tí a lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìmọ̀ràn àti ìrànlọ́wọ́: 080010203040. Ẹ pè é. Ẹni tó bá sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á fún ọmọdé, kó sọ ọ́, nítorí bó bá jẹ́ ọmọ aládùúgbò lónìí, ó lè jẹ́ tirẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin aṣòfin wa, iṣẹ́ tí a rán yín kò le. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ owó kúrò nínú àbádòfin náà, ẹ fi orúkọ àwọn oògùn tuntun sí i, ẹ dá ìtọ́jú sílẹ̀ fún ẹni tó ti kó sí i, kí ẹ sì gbé e padà sí iwájú Ààrẹ kí ìjókòó yín yìí tó parí.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,
Ìyá ọmọ kan ní Ìkòtún, Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.